Hóró Kan Fún Dádì Jùwọ́n

Fourth Avenue ní Festac tí mo máa ń rìn lójú àlá kò ní ọkọ̀ kankan lórí. Igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ga ju bí wọ́n ṣe ga lójú ayé lọ, ewé wọn pàdé lókè, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín wọn já sílẹ̀ sì pọ́n bí epo tuntun. Ọkọ mi Akíntáyọ̀ a máa lọ níwájú mi. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni nígbà ayé rẹ̀, ìrìn iṣẹ́ rẹ̀ náà ló sì ń rìn lójú àlá: kì í yára, kì í falẹ̀, àfi bí ẹni ń fi ìgbésẹ̀ ka ilẹ̀. Èmi a máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Màá rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, màá rí àpá kékeré tí abẹ onígbàjámọ̀ dá sí i níbẹ̀. Bó bá ti ku ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré kí n fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, pajápajá á mú mi ní ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Ẹni tí pajápajá kò bá mú rí, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó má sì bá mi jiyàn. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun á ká jọ lójijì, á le koko bí ọmọ odó, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ á tẹ̀ wálẹ̀ fúnra wọn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni wọ́n. Ọmọ méjì ni mo bí, mo mọ ohun tó ń jẹ́ ìrora, síbẹ̀ mo ń sọ fún yín pé ìrọbí sàn jù ú lọ, nítorí ìrọbí ní ọmọ nídìí. Pajápajá kò ní nǹkan kan nídìí. Ojú mi á là, Akíntáyọ̀ á ti lọ, á wá ku èmi nìkan lórí ibùsùn lọ́sàn-án gangan, tí mo di ẹsẹ̀ mú, tí fáànù ń yí lókè, tí aṣọ fèrèsé ń wú tó tún ń rọlẹ̀. Màá sunkún. Mi ò mọ èyí tí mo ń sunkún fún nínú méjèèjì, ẹsẹ̀ ni àbí ẹni tó lọ.

Orúkọ mi ni Folúkẹ́, ṣùgbọ́n ní kúlóòsì, òpópónà kékeré wa ní Festac, Mọ́mì Jùwọ́n ni gbogbo ayé ń pè mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú fáìlì nílé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, fáìlì kan kò sì sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Bí ọ̀gá bá ní òun fẹ́ ìwé tí wọ́n kọ kí wọ́n tó bí òun, màá na ọwọ́, màá fà á yọ. Mo máa ń fi yangàn. Ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀, torí ẹ máa tó rí bí mo ṣe gọ̀ tó.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni Akíntáyọ̀ kú. Ó jí, ó wẹ̀, ó ní kí n bá òun wá awò ojú òun. Nígbà tí mo fi máa rí i lábẹ́ ìwé ìròyìn, kò nílò rẹ̀ mọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un láràárọ̀. Bí a bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, màá bu omi sínú ife onígíláàsì tó ní òdòdó pupa lára, màá yọ hóró kan nínú káàdì oògùn rẹ̀, màá jókòó sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ lórí ibùsùn. Kì í gbójú sókè. Ojú rẹ̀ á wà lórí Bíbélì, á kàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, èmi á sì fi hóró náà sí i. A lè jà lálẹ́ àná kí ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó, bílẹ̀ bá ti mọ́, àtẹ́lẹwọ́ náà á jáde. Bí a ṣe ń parí ìjà nílé wa nìyẹn. Bí oògùn ṣe ń gbówó lórí lóṣooṣù ti sú u, ló bá lọ ra páálí lórí páálí jọ sínú dúrọ́ọ̀, bí ẹni ń kó iṣu sínú àká. Ó ní, "Folúkẹ́, èyí á gbé wa dé ọdún tó ń bọ̀." Kò tíì lò ju páálí kan lọ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí a sin ín, ọwọ́ mi bu omi. Ọwọ́ mi yọ hóró kan. Mo jókòó sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo na ọwọ́, kò sí àtẹ́lẹwọ́ kankan níbẹ̀. Mo wo hóró funfun náà títí oòrùn fi wọ inú yàrá. Mi ò lè dá a padà sínú káàdì, mi ò sì ní ọkàn láti jù ú nù. Mo gbé e mì. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe láràárọ̀, lẹ́yìn náà ni màá lọ sílé ìdáná lọ lo oògùn tèmi, torí èmi náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mi ò sọ fún Jùwọ́n, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé mo fi pa mọ́. Mi ò kà á sí oògùn lílò ni. Ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi ni.

Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tí àlá bẹ̀rẹ̀, tí pajápajá sì bá a wá. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Nígbà tó yá, kò sí ọ̀sán tí mo sùn tí kò dé. Mo ń tọ̀ bí ẹni tó gbé odò mì, ẹnu mi ń gbẹ, ara mi rọ̀ jọwọrọ, mo ní ọjọ́ ogbó ni.

Ọmọ mi Jùwọ́nlọ, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti yàrá rẹ̀, kò gbà pé ọjọ́ ogbó ni. Àbúrò rẹ̀ wà lókè òkun, òun nìkan ló kù sí mi lọ́rùn, èmi náà sì kù sí i lọ́rùn. Ó ra ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ pọ̀. Ó ra ìpara kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ní Mile 2, èyí tí wọ́n ya ẹkùn sí lára. Ìpara náà gbóná débi pé mo gbàgbé pajápajá, ìpara ni mo wá ń sunkún sí.

"Mọ́mì, please, ẹ jẹ́ ká lọ see doctor," ló máa ń wí. "Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Mi ò dákẹ́. Ṣé o ò gbọ́ igbe mi lọ́sàn-án àná ni?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi sàn, mo fẹ́ ẹ gan-an ni. Àmọ́ àlá àti pajápajá jọ ń rìn ni, ọ̀kan kì í wá láìsí èkejì. Bí dókítà bá lé ọ̀kan lọ ńkọ́? Ta ló máa wá rìn níwájú mi ní Fourth Avenue? Mo gbà kí ẹsẹ̀ máa dùn mí nígbà náà, mo gbà á tọkàntọkàn, torí bóyá lọ́sàn-án ọjọ́ kan ìgbésẹ̀ mẹ́ta yóò di méjì, yóò di ọ̀kan.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé kan tí a jọ ń to àga lẹ́yìn àdúrà àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sọ àlá náà fún Sísítà Bọ́sẹ̀, tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà. Obìnrin gíga ni, ó lé ní àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ kò fẹ́ makirofóònù. Ó gbé àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Mọ́mì Jùwọ́n, ṣé wọ́n máa ń wẹ̀yìn?"

"Rárá. Wọ́n kàn ń lọ ni."

"Ẹ̀yin sì ń tẹ̀ lé wọn?"

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ gbọ́ mi o, Mọ́mì. Kì í ṣe Dádì lẹ̀ ń rí yẹn. Nǹkan míì ló gbé àwòrán wọn wọ̀, ó fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun lọ. Ẹsẹ̀ yín ló sì ń fà. A máa gbàdúrà. Ọjọ́ méje, ààwẹ̀ gbígbẹ, omi ò gbọdọ̀ kan ẹnu yín títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ẹrù wọn tó kù nílé, ẹ kó o jáde."

Mo bínú, mo sì gbà. Ẹ má bi mí bí méjèèjì ṣe ń gbé inú èèyàn kan. Mo kó bàtà rẹ̀, mo kó agbádá mẹ́rin, mo kó okùn ìwọnlẹ̀ rẹ̀ tó ti ya létí, mo kó aṣọ ìwọ̀sùn tó ṣì ń ta sánsán ìpara ara rẹ̀, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aláìní ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùn mí dé eegun. Nígbà tó kan dúrọ́ọ̀ oògùn, mo ṣí i, mo tún tì í. Oògùn kì í ṣe ẹrù, mo sọ fún ara mi. Láràárọ̀ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà, mo ń bu omi díẹ̀, mo ń lo hóró tirẹ̀, mo ń lo tèmi, ó di ìrọ̀lẹ́ kí omi tó tún kan ọ̀fun mi.

Ọjọ́ kẹrin ààwẹ̀, a wà lórí ìdúró nínú gbọ̀ngàn, àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́, oòrùn ń gba ojú fèrèsé aláwọ̀ ewé wọlé, gbogbo wa rí bí ẹja nísàlẹ̀ omi. Orí mi fúyẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn Sísítà Bọ́sẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo rò pé mo rí ẹ̀yìn ọrùn Akíntáyọ̀ láàárín gèlè àwọn obìnrin, mo sì gbé ẹsẹ̀ kan.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ló mú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣubú bí igi.

"Ẹsẹ̀ mi o!" ni mo ké.

"Áámínì!" ni gbogbo wọn dáhùn.

"Ẹ gbà mí o, ẹsẹ̀ mi!"

"Halelúyà! Ó ń lọ! Ó ń jáde lọ!"

Ẹnì kan ta aṣọ lé mi lórí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tí agbára Ẹ̀mí bá gbé ṣubú. Mo wà lábẹ́ aṣọ aláwọ̀ èsè àlùkò, mò ń já ilẹ̀ jẹ, wọ́n sì ń kọrin lé mi lórí. Èébú gbogbo tí mo mọ̀, mo bú u nínú mi. Ọlọ́run dárí jì mí, inú ilé rẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí Sísítà Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ tì mí. Ó na ọwọ́ sábẹ́ aṣọ láti gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ mi, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ó tún fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Lójijì ni ohùn tí kò fẹ́ makirofóònù yẹn jáde: "Ẹ dákẹ́ ná! Ẹ dákẹ́ jàre! Iṣan ni o! Cramp lásán ni!" Ó gbá àtẹ́lẹsẹ̀ mi mú, ó tì í síwájú, ó ń fa àwọn ọmọ ìka rẹ̀ sí ọ̀nà orúnkún mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú okùn tó ta kókó. Ẹran náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ yìí wá, mi ò ronú kan láti fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sókè? Mo kàn ń dì í mú tí mò ń sunkún ni.

"Mo sáré ìje nígbà tí mo wà nílé ìwé," ló sọ, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. "Mo mọ èyí. Báyìí gẹ́lẹ́ ló ṣe máa ń le. Mọ́mì, mo ní kẹ́ ẹ má mu omi. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má mu omi." Ó gbé ìgò omi tirẹ̀ sí mi lẹ́nu níwájú gbogbo ìjọ. "Ẹ máa bínú sí mi. Ààwẹ̀ tán. Dókítà Ọláníran wà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, òun ló tọ́jú ìyá mi. Lọ́la, Mọ́mì. Àdúrà ò ní kí wọ́n má yẹ ẹ̀jẹ̀ wò."

Mo ti fẹ́ bínú sí i fún ọdún kan, àmọ́ ẹni tó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú ìjọ, kí lèèyàn tún fẹ́ bá a fà?

Ilé ìwòsàn náà wà ní àdúgbò kan tó dákẹ́ rọ́rọ́ ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, òdòdó bo ògiri rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Èmi àti Jùwọ́n wọ kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Àpótí dígí ńlá kan wà níbi tí èèyàn ń jókòó sí, ẹja kékeré ń lọ ń bọ̀ nínú rẹ̀, ariwo Mile 2 kò dé ibẹ̀ rárá. Mo wo àwọn ẹja náà títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Ọmọdébìnrin ni dókítà lójú mi, kò lè ju ogójì ọdún lọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnì kan nínú yàrá kejì. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, ó bi mí ní oògùn tí mò ń lò, mo kà á fún un bó ṣe wà nínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ àti iye. Oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀ wà lára wọn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀.

"Iyọ̀ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, Mọ́mì, pọtásíọ̀mù lorúkọ ẹ̀," ló sọ nígbà tí èsì jáde. "Òun ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tiyín ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ààwẹ̀ yẹn dá kún un, oògùn títọ̀ yẹn náà sì máa ń kó o dànù. Màá fún yín ní èyí tẹ́ ẹ máa mu. Ẹ máa mu omi, ẹ máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo oògùn tó wà nílé yín dání sínú náílọ́ọ̀nù."

Nígbà tí èmi àti Jùwọ́n padà lọ, mo kó gbogbo oògùn mi dání. Tèmi, àní tèmi. Ọ̀sẹ̀ náà ti kọjá, pajápajá kò lọ, àlá kò lọ, Akíntáyọ̀ ṣì jìnnà sí mi ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà wo ìwé náà, ó wò mí, ó tún wo ìwé náà.

"Iyọ̀ tí mo fún yín, ó yẹ kó ti ròkè. Nǹkan kan ń jò níbì kan." Ó gbé bírò sílẹ̀. "Mọ́mì, ẹ di ojú yín. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ẹ jí. Kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?"

Mo di ojú. Yàrá mi dé sínú yàrá dókítà, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ rẹ̀ àti aṣọ fèrèsé tó ń wú.

"Mo gbàdúrà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo bu omi sínú ife."

"Ife ta ni?"

"Ife Dádì Jùwọ́n." Mo gbọ́ tí Jùwọ́n mira lórí àga.

"Lẹ́yìn náà?"

"Mo yọ hóró wọn kan. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo na ọwọ́."

Nínú òkùnkùn ojú mi, mo rí ọwọ́ tèmi tó nà sí ibi tí kò sí ẹnì kan.

"Ta ló gbà á, Mọ́mì?"

Mo la ojú. "Kò sẹ́ni tó gbà á," ni mo wí. "Èmi ni mo gbé e mì."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kejì ìsìnkú."

"Mọ́mì!" Jùwọ́n ti dìde dúró.

Dókítà Ọláníran kò pariwo. Ó ní kí n sọ orúkọ tó wà lára páálí náà fún òun. Ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni, ọdún mọ́kànlá! Mo sọ ọ́. Ó mirí díẹ̀díẹ̀, ó kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó kọ orúkọ oògùn títọ̀ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fa ilà kan so méjèèjì pọ̀. Oògùn kan náà ni. Ilé iṣẹ́ méjì tó ń ṣe é ló fún un lórúkọ méjì. Hóró kan ló tọ́ sí mi, méjì ni mò ń lò lójúmọ́, èmi ni mò ń fọwọ́ ara mi da omi àti iyọ̀ ara mi nù. Fáìlì méjì lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Akọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ló ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, màá sì ti gbá a létí.

Ìtìjú náà pọ̀, ló bá di ìbínú. "Ṣé ohun tẹ́ ẹ wá ń sọ ni pé ọkọ mi ló ń fà mí lẹ́sẹ̀ lóòótọ́?"

"Oògùn ni mò ń sọ, Mà. Mi ò mọ Dádì." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "Iṣan ni ọkàn náà o. Bí iyọ̀ yìí bá tún já wálẹ̀ sí i, ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ yín yìí lè dé ibẹ̀. Ibẹ̀ yẹn, ẹ ò ní rí ẹni bá yín fa ìka ẹsẹ̀ o."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà ló ṣẹ́ mi. Jùwọ́n ni. Ó jókòó padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ kí n sin ẹ̀yin náà lọ́dún kan náà ni? Èmi ńkọ́? Dádì kì í ṣe ọkọ yín nìkan. Bàbá mi ni."

Láti oṣù kẹta, mi ò bi ọmọ náà léèrè lẹ́ẹ̀kan bí òun ṣe ń ṣe é.

Nígbà tí a délé, mo fúnra mi fa dúrọ́ọ̀ náà yọ pátápátá, mo gbé e fún un lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó kó gbogbo oògùn inú rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Mi ò wò ó nígbà tó ń jáde lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọwọ́ mi bu omi. Ó na ara rẹ̀ sí dúrọ́ọ̀, ó bá pákó lásán. Mo jókòó sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ife, mo bínú sí dókítà, mo bínú sí Bọ́sẹ̀, mo bínú sí Akíntáyọ̀ jù, ẹni tó rán mi ní awò ojú tó sì gba ẹ̀yìn mi lọ. Mo mu omi náà. Wọ́n ṣáà ní kí n máa mu omi.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, pajápajá dínkù. Ó wá lẹ́ẹ̀kan, mo fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè bí Bọ́sẹ̀ ṣe ṣe é, ó lọ. Lẹ́yìn náà kò wá mọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi dára. Èmi àti Jùwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde nírọ̀lẹ́, láti kúlóòsì wa dé etí omi, ó ń sọ àwọn ìtàn bàbá rẹ̀ fún mi tí mi ò gbọ́ rí, pé ó ń yọ́ fún òun lówó suwíìtì, pé ó kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà ní Mazamaza lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan tó sọ fún mi pé ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì làwọn ń lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bú òkú.

Àmọ́ mo ń sùn lọ́sàn-án bí òkúta, mo ń jí bí òkúta. Kò sí Fourth Avenue. Kò sí igi. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni mo kà. Nígbà tí mo padà lọ fún àyẹ̀wò, mo sọ fún Dókítà Ọláníran pé kó dá pajápajá mi padà.

Kò rẹ́rìn-ín. "Àlá tí ìrora bá já láàárín ló ń dúró síni lórí, Mọ́mì," ló wí. "Bí èèyàn bá sùn dáadáa, àlá ń wá, ó ń lọ, a kì í mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì máa wá." Mo rò pé ó ń tù mí nínú lásán ni. Mo dúpẹ́, mo lọlé.

Ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀ díẹ̀, ó dá. Mo sùn. Mo wà ní Fourth Avenue.

Ó ń lọ níwájú, bó ṣe máa ń lọ. Igi ga, ìmọ́lẹ̀ pọ́n, ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo tẹ̀ lé e. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló kù. Mo dúró de ẹsẹ̀ mi kó ṣe mí bó ṣe máa ń ṣe mí, kò ṣe nǹkan kan. Méjì. Ọ̀kan. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì dúró.

Kò yíjú sí mi. Ìgbà wo ló yíjú sí mi rí láàárọ̀? Ó kàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Mo wo ọwọ́ mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "Dádì," mo wí, "ẹ máa bínú. Mo ti gbé e mì. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbé mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí." Kò fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń retí, bó ṣe dúró fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe, mo fi ọwọ́ mi lásán sí i. Ó pa á dé. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

Kò sí ohun tó jí mi. Mo kàn jí ni. Aṣọ fèrèsé ń wú, ó ń rọlẹ̀, omi ń kán láti orí páànù, ẹsẹ̀ mi méjèèjì nà gbọọrọ lórí ibùsùn láìsí ohun tó ń ṣe wọ́n. Mo sun ẹkún tó mi ibùsùn, irú ẹkún tí mi ò sun nígbà ìsìnkú, lọ́tẹ̀ yìí mo mọ ohun tí mò ń sunkún fún. Jùwọ́n sáré wọlé, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ti ń fa ọmọ ìka rẹ̀ sókè.

"Kì í ṣe ẹsẹ̀," ni mo sọ fún un. "Fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Mú ọwọ́ mi."